Ẹni Tó Pa Bọ́ọ̀sì Aláìlépo

Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì náà, ó ti rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó sì ti na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ kéde pé ọjọ́ ọ̀la ti dé, nígbà tí awakọ̀ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń jí mọ́tò náà. Bọ́ọ̀sì kò jí. Awakọ̀ tún un tẹ̀. Kò sí iná lójú rẹ̀, kò sí ohùn lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó yẹ kí ohùn wà, torí bọ́ọ̀sì oníná ni, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ayé pé kì í dún. Ìdí nìyí tí Abẹnugan fi dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, tó ń rẹ́rìn-ín lọ, títí ẹ̀rín fi gan mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn oníkámẹ́rà kò jẹ́ kí ìṣẹ́jú kankan nínú rẹ̀ ṣòfò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ ka àbádòfin ìrìnnà nígbà kẹta, kí wọ́n sì dìbò lé e lórí. Ohun tí ó wí kò le: kí ìjọba ìpínlẹ̀ ra bọ́ọ̀sì oníná fún ará ìlú, kí wọ́n kọ́ ibùdó tí mọ́tò yóò ti máa gba iná sára, kí wọ́n sì mú kí ìwé mọ́tò rọrùn fún ẹni tó bá ra èyí tí kì í mu epo. Alága ìgbìmọ̀ ìrìnnà tó gbé àbádòfin náà wá ló dá a lábàá pé kí gbogbo ilé gun bọ́ọ̀sì kan yí ìlú ká láàárọ̀, kí wọ́n tó jókòó. Ní báyìí, àwọn tó ti ṣèlérí ìbò ń sọ pé àwọn fẹ́ tún un rò. Abẹnugan sì sọ fún àwọn oníròyìn pé bí wọn kò bá mọ ohun tó pa bọ́ọ̀sì náà kí ilé tó wọlé ọ̀sán, òun yóò gbé àbádòfin náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá mọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn mọ̀ pé ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n mú awakọ̀.

Àgbàlagbà ni awakọ̀ náà, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì jẹ́jọ́ rí, ì báà ṣe ti ẹran tó sá gba iwájú mọ́tò. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ méjì ni. Òun ló fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn nírọ̀lẹ́ àná. Wọ́n sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ níbi táwọn awakọ̀ ti máa ń ṣeré pé, “Mọ́tò tí kì í dún, báwo ni ìyàwó ẹni ṣe máa mọ̀ pé èèyàn ti dé?” Níbi tó ti sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo àgọ́ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́. Kò ga, kò kúrú, kì í sáré, kì í sì í gbóhùn sókè. “Pẹ̀lẹ́” ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bi ní ìbéèrè, àwọn ọ̀daràn àtijọ́ sì mọ̀ pé bí ó bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí èèyàn máa wá agbẹjọ́rò. Sájẹ́ǹtì kan ń tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́kùnrin gíga tí kì í ṣaláìní àbá lórí ohunkóhun.

Àhámọ́ ni ó kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó awakọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, ó gbé àpò aṣọ lé itan, nítorí ẹnì kan ti sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ á pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ kí i, ó wọlé, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà bí ẹni tó wá ṣàlejò.

“Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí lẹ kọ́kọ́ rí nígbà tẹ́ ẹ dé ìdí mọ́tò láàárọ̀?”

“Ilẹ̀kùn ni, ọmọ mi. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.”

“Ṣé ẹ tì í nírọ̀lẹ́ àná?”

Bàbá náà wò ó bí ìgbà tó bi í bóyá ó wọ ṣòkòtò wá síbi iṣẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀, òun kò fi ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ ní ṣíṣí lọ sílé rí. Ó ní òun rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ló ṣí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ó wá fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

“Jígí náà sì tún wà níbẹ̀. Èyí tó wà lókè orí mi tí mo fi ń wo àwọn èrò. Ẹnì kan ti yí i. Mo ti sọ fún ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé, ó ní kí n fi jígí sílẹ̀ kí n sọ òtítọ́.”

“Ṣé ẹ tún un ṣe?”

“Ibo ni mo ti ráyè? Abẹnugan ti gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Wọ́n ní kí n tan mọ́tò kíá.”

Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó ní kí bàbá má sùn, nítorí òun kò ní pẹ́.

*

Ẹ̀yìn ilé aṣòfin, lábẹ́ igi ńlá kan, ni bọ́ọ̀sì náà wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo àga kò tíì kúrò lára wọn, rìbọ́ọ̀nù pupa sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìyàwó tí ọkọ kò wá.

Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ nípa bátìrì, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora bàbá tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ní aláìsàn. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ rí mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bátìrì kún nírọ̀lẹ́, pé ó ti gbẹ pátápátá láàárọ̀, àti pé kò sí wáyà kan tó já tàbí ohun kan tó bàjẹ́. Ó ní bí òun bá fún un níná, bọ́ọ̀sì á tún rìn kó tó di ọ̀sán. Obìnrin náà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wọ inú bọ́ọ̀sì lọ, Sájẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, ó tẹ orí ba. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí. Bọ́tìnì ẹ̀rọ amúlétutù wà níbi tó tutù jù. Gbohùngbohùn tí awakọ̀ fi máa ń bá èrò sọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìkọ́, ó ń fì lórí okùn rẹ̀. Jígí tí bàbá sọ náà sì ti yí kúrò lójú àga awakọ̀, ó kọjú sí àárín ọ̀nà táwọn èrò ń gbà kọjá.

Sájẹ́ǹtì ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹni tó fẹ́ ba àbádòfin jẹ́ ló tan ẹ̀rọ amúlétutù, tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, tó jẹ́ kí òtútù bọ́ọ̀sì máa fẹ́ sí igi àti ògiri títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní ìjẹ̀bi ẹni náà hàn gbangba, nítorí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti sọ fún òun pé òun rí Ọnọrébù Elépo nírọ̀lẹ́ tó ń yí bọ́ọ̀sì náà po, tó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ọnọrébù Elépo ni aṣòfin tó ń ta epo mọ́tò káàkiri ìpínlẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n jíròrò àbádòfin náà tí kò pariwo títí tí àwọn tó wà níta fi rò pé ilé ń jó.

“Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ bi Ẹnjiníà.

Ó ní ẹnikẹ́ni lè fi bọ́tìnì ìta ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n láìsí kọ́kọ́rọ́, kò sí ẹni tó lè tan ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀; bí ẹnì kan bá sì ti tàn án, ó ń ṣiṣẹ́ lọ títí wọ́n á fi pa á. Méjì ló wà. Awakọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ náà sì so ó mọ́ ọrùn di òwúrọ̀. Ìkejì ni ilé iṣẹ́ àwọn fi ta Alága ìgbìmọ̀ ìrìnnà lọ́rẹ, nínú àpótí aláràn-án kékeré, lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò.

“Ó kàn wà fún ọ̀ṣọ́ ni,” ni Ẹnjiníà fi kún un. “Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ gidi ni.”

*

Ọnọrébù Elépo gbà wọ́n lálejò nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé epo rẹ̀ tó tóbi jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí wọ́n tó jókòó: àwọn tó fẹ́ pa òwò òun ló fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́, òun kò sì mọ ojú bọ́ọ̀sì kankan. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ jẹ́ kí ó pariwo tán. Ó wá bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló ń wá lábẹ́ mọ́tò tí kì í mu epo.

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti sún mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun.

Lẹ́yìn ògiri, níbi táwọn oníbàárà kò lè rí, ó ká tápólì ńlá kan kúrò nílẹ̀. Àwọn òpó tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí okùn dúdú rọ̀ mọ́, irú èyí tí mọ́tò oníná fi ń gba iná.

“Àwọn tó ń ra epo lọ́wọ́ mi ló dìbò fún mi,” ó wí. “Bí mi ò bá pariwo fún wọn, ta ni kó pariwo? Ṣùgbọ́n òfin yìí ń bọ̀, èmi sì fẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá dé. Ẹnu ihò tí wọ́n ń ti okùn bọ̀ lára bọ́ọ̀sì yẹn ni mo lọ wò, kí tèmi lè bá a mu.”

Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ẹnì kankan kí wọ́n tó dìbò tán. Nígbà tí wọ́n padà sínú mọ́tò, Sájẹ́ǹtì ní àṣé ọkùnrin náà gan-an ni kò fẹ́ kí bọ́ọ̀sì yẹn kú.

“Ẹni tó ń pariwo jù nínú ọjà ni oníbàárà,” ni Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ sọ. “Ó ń dúnàádúrà ni.”

*

Wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì náà. Ẹnjiníà ti so ó mọ́ iná, àmì kékeré aláwọ̀ ewé sì ti ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ dúró láàárín ọ̀nà, ó sọ fún Sájẹ́ǹtì pé kó bá òun ronú dípò kó bá òun sáré.

Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ba mọ́tò jẹ́, tó sì mọ̀ nípa rẹ̀, á já wáyà. Ẹni tí kò bá mọ̀, á gún táyà. Kò sí ọ̀tá kankan tó máa kọ́kọ́ fi òtútù gbádùn ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wá síbí kì í ṣe ọ̀tá. Ooru ló mú un, ó sì fẹ́ dúró pẹ́.

“Dúró pẹ́ ṣe kí ni?” Sájẹ́ǹtì bi í.

“Mú gbohùngbohùn yẹn. Wo jígí.”

Sájẹ́ǹtì mú un, ó dúró gbọọrọ, ó wo jígí. Ó ní bọ́tìnì ikùn òun nìkan lòun ń rí. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ gba gbohùngbohùn náà, ó dúró níbi kan náà. Ọrùn rẹ̀ ló rí. Ó tẹ eékún díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi wọ inú jígí, ní àárín gbùngbùn, bí àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri.

Ó ní awakọ̀ kò ní yí jígí ara rẹ̀ síbi tí kò ti lè rí i. Ẹni tó dúró níbí ń wo ojú ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ kọ́ra ni. Èèyàn méjì péré ló wà lórí ètò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lówùúrọ̀ yìí, Abẹnugan àti Alága ìgbìmọ̀ ìrìnnà. Abẹnugan ga ju Sájẹ́ǹtì lọ.

Sájẹ́ǹtì jókòó sórí ọ̀rá àga, ọ̀rá náà pariwo. Alága ìgbìmọ̀ ìrìnnà ni ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ga ní ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ń pè é ní Gìgísẹ̀ nígbà tí kò bá sí ńtòsí.

“Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, òun ló ni àbádòfin náà. Kí ló dé tó fi máa pa bọ́ọ̀sì ara rẹ̀?”

“Kò pa á. Ó kàn jáde ni. Olè máa ń ti ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ máa ń ti ilẹ̀kùn. Ta ni kì í tì í?”

Sájẹ́ǹtì ronú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní àbá.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ mú un lọ sí ọ̀nà gbọọrọ òkè ilé aṣòfin, níbi tí wọ́n ti lè rí Alága bó ṣe ń ti yàrá ìpàdé bọ̀. Ọkùnrin náà gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá, kò bojú wẹ̀yìn. Akọ̀wé rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó yà wọ ilé ìwẹ̀, ó jáde. Akọ̀wé wọlé lọ pa omi àti iná. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn yẹn náà, ó sì mí kanlẹ̀. Kò sí ìbínú lójú akọ̀wé, kò sì sí ìgbéraga lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ayé ti ń bá Alága ti ilẹ̀kùn, débi pé ó rò pé ilẹ̀kùn ń ti ara rẹ̀ ni.

“Alẹ́ àná ló dá nìkan wá,” ni Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ sọ. “Èèyàn kì í mú akọ̀wé lọ síbi tó ti fẹ́ wo ara rẹ̀ nínú jígí.”

*

Alága gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní ọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ awakọ̀ náà, inú òun sì dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú bàbá náà ṣe òun. Àpótí aláràn-án wà lórí tábìlì rẹ̀, níbi tí gbogbo àlejò á ti rí i.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá,” ni Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ wí. “Ó dára gan-an. Ṣé mo lè rí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀?”

Inú Alága dùn pé ó bèèrè. Ó yí àpótí náà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú ère. Àràn-án pupa ló wà nínú rẹ̀, àti ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ kan ti máa ń sùn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ni Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ tún wí.

Alága fọwọ́ kan àpò kóòtù rẹ̀. Ó rántí pé kóòtù àná kọ́ nìyí. Ó jókòó, àga sì fi í hàn bó ṣe kúrú tó.

Kò jiyàn pẹ́. Ó ní òun kàn fẹ́ gbìyànjú ọ̀rọ̀ òun wò ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó dùn débi pé níbi tó ti ń sọ nípa àwọn ọmọ wa tó máa mí afẹ́fẹ́ tó mọ́, omi bọ́ lójú òun fúnra òun. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omi lójú, ó rìn lọ síbi tí awakọ̀ tirẹ̀ ti ń dúró, ó wọ mọ́tò, ó lọ sílé. Àfi ìgbà tí bọ́ọ̀sì kọ̀ tí kò jí lówùúrọ̀ ló tó rántí ẹ̀rọ amúlétutù.

“Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mú bàbá náà lọ,” ni Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ wí.

“Mo rò pé wọ́n á tú u sílẹ̀ tó bá yá. Màdáàmù, ẹ gbọ́, bí mo bá jẹ́wọ́ nínú ilé yẹn, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á sọ àbádòfin náà nù. Ọdún wo ni wọ́n á tún gbé òmíràn wá? Nítorí ará ìlú ni mo ṣe dákẹ́.”

“Ará ìlú kan wà lórí sìmẹ́ńtì báyìí,” ni Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ fèsì. “Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an lẹ kò mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Wọ́n ń sọ pé bọ́ọ̀sì náà ní àrùn. Kò ní. Ó fi òtútù bọ́ ọgbà ilé aṣòfin látìgbà tẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ títí agbára rẹ̀ fi tán, kò sì sí ohun kan tó já lára rẹ̀. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀ ní títàn, kí ẹ sì sọ pé awakọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Apá ìkejì yẹn, ẹ ò ní fò ó.”

“Bí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?”

“Èmi á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, màá mẹ́nu kan jígí.”

Alága wo ojú rẹ̀ lára gíláàsì tábìlì fún ìgbà díẹ̀. Ó bèèrè pé ìgbà wo ni ilé máa jókòó.

*

Kí ilé tó wọlé, Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ ti gba awakọ̀ jáde. Alága dìde nínú ilé, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọkùnrin náà ti ojú ogun dé. Ó ní òun kò lè ní kí àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ òun dìbò fún ohun tí òun kò tíì dán wò. Ó ní ìdí nìyí tí òun fi lọ, lóun nìkan, láìfojú kan oorun, tí òun gbé ẹrù ńlá lé bọ́ọ̀sì náà láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ní òun gbàgbé láti sọ fún àwọn ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì, tó wà lórí àga àwọn òǹwòran, bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ fà á ní apá aṣọ.

“Ẹ ò gbọ́ irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n?”

“Mò ń dúró de apá tí mo fẹ́.”

Ó dé. Alága sọ ọ́ ní kedere, láìfi ohun ọ̀ṣọ́ kankan sí i: “Awakọ̀ wa kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì fẹ́ kí ilé yìí bá mi bẹ̀ ẹ́.” Ó hàn pé gbólóhùn yẹn ni kò fi kọ́ra níwájú jígí kankan. Lẹ́yìn náà ni Abẹnugan, tí inú rẹ̀ dùn pé kì í ṣe òun ni bọ́ọ̀sì náà dójú tì, ní kí akọ̀wé ilé kọ ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀.

Ọnọrébù Elépo pariwo bó ti yẹ, ó wúkọ́, ó sì dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Àbádòfin náà wọlé pẹ̀lú ìbò púpọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde, bọ́ọ̀sì ti wà níwájú ilé, awakọ̀ sì wà lórí àga rẹ̀, kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní eruku sìmẹ́ńtì lẹ́yìn. Àwọn aṣòfin rọ́ wọlé. Ẹni tó fẹ́ ojú fèrèsé ń ti ẹni tó fẹ́ ojú kámẹ́rà. Abẹnugan dúró láàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí ará ìlú; Alága dúró tì í, ó na ọwọ́ tirẹ̀ ga ju ti Abẹnugan lọ. Àwọn yòókù rí i pé àwọn ńlá dúró, àwọn náà dúró. Wọ́n ní ó yá, kí awakọ̀ máa lọ.

Awakọ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó mú gbohùngbohùn.

“Ẹ jókòó, ẹ̀yin àgbà. Mọ́tò yìí ò ní gbéra tí ẹnì kan bá dúró.”

Alága wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń bá wí.

“Ẹ̀yin náà, ọ̀gá. Àti Abẹnugan, ẹ jọ̀ọ́.”

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan jókòó ní ẹ̀yìn, ọ̀rá àga pariwo; òmíràn tẹ̀ lé e. Lórí títì, ìyàwó awakọ̀ ṣì gbá àpò aṣọ tó gbé lọ sí àhámọ́ mọ́ra. Sájẹ́ǹtì bi í, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bóyá báyìí ni bàbá máa ń pàṣẹ fún wọn nílé.

“Nílé kẹ̀?” obìnrin náà wí. “Nílé, èmi ni Abẹnugan.”

Ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀sì. Nínú rẹ̀, Abẹnugan tòótọ́ jókòó, lẹ́yìn náà ni Alága. Awakọ̀ wò wọ́n yí ká, ó tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀sì náà sì gbéra, ó ń lọ wẹ́rẹ́, tí kò ké rárá.